Lẹ́tà sí ìyá tó kọ̀wé ẹ̀sùn nítorí èéfín

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ìwé ẹ̀sùn tí ẹ kọ sí ọ́fíìsì wa lórí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù lẹ́yìn ilé yín, èmi ni wọ́n gbé e fún. Ẹnjiníà ni mí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló gbà mí síṣẹ́, pé kí n rí i pé èéfín ilé iṣẹ́ kò ṣe aráàlú léṣe. N kò ní dárúkọ yín, n kò sì ní dárúkọ àdúgbò. Ìta gbangba ni mo kọ èsì yìí sí, torí ìbéèrè tí ẹ fi kádìí ìwé yín, ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ń gbọ́ ọ: “Ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ rí èéfín yìí, kí ló dé tí ẹ ò ti ilé iṣẹ́ náà pa?”

A rí i, mà. Mo sì gbà yín gbọ́. Aṣọ ọmọ tí ẹ sá nírọ̀lẹ́, tí ẹ ká láàárọ̀ tí eruku dúdú ti bò ó, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń gbọ̀n ọ́n ló túbọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn: mo mọ eruku yẹn dáadáa. Ikọ́ tí ọmọ náà ń wú lóru, n kò fi ṣeré rárá. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa nǹkan bí 11,200 èèyàn l'Ékòó ní ọdún 2018, àti pé nínú 100 wọn, nǹkan bí 60 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ bíi tiyín ni wọ́n ń sọ.

Èyí tí ẹ rí lára aṣọ gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Eruku tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, imú àti ọ̀fun máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Àwọn tó kéré débi pé a lè to 20 wọn sórí ìbú ẹyọ irun orí kan ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí àwọn mìíràn tún ń tibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú rẹ̀ má ju microgram 5 lọ (microgram kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tí a bá dá ìwọ̀n gbogbo ọdún pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Iye tí ìwádìí Báńkì Àgbáyé yẹn kọ sílẹ̀ fún Èkó jẹ́ 68. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè fojú rí i.

Kí wá ló dé tí a kò kàn lọ fi àgádágodo há géètì wọn? Torí pé tí a bá dé kóòtù, ohun tí agbẹjọ́rò wọn á kọ́kọ́ béèrè ni pé báwo la ṣe mọ̀ pé èéfín tiwọn ni. Wọ́n á ní dánfó ń kọjá, gbogbo ilé ló ní jẹnẹrétọ̀, àwọn kan ń sun pàǹtí lójú títì, ọyẹ́ náà sì ń gbé eruku bọ̀ láti òkè Ọya. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ibẹ̀ gan-an ló le sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gun àkàbà irin lọ sára páìpù èéfín wọn, tí a ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ihò tó wà lára rẹ̀. Bí èéfín bá ṣe ń sáré gòkè nínú páìpù ni ẹ̀rọ wa gbọ́dọ̀ ṣe máa fà á, kò gbọdọ̀ yára jù ú lọ, kò sì gbọdọ̀ falẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye eruku tí a bá rí kì í ṣe òdodo. Pépà asẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ náà, funfun báláú, tí a ti mú gbẹ dáadáa tí a sì ti wọ̀n kó tó kúrò ní yàrá àyẹ̀wò. Tí a bá yọ ọ́, ó ti dúdú. A ó tún mú un gbẹ, a ó tún un wọ̀n. Ohun tó fi wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ̀rí tí mo lè gbé síwájú adájọ́.

Ilé iṣẹ́ yẹn ní ẹ̀rọ asẹ́ o, mà. Fáànù ńlá kan ló ń fa èéfín gba inú àwọn àpò aṣọ gígùn kọjá. Eruku á lẹ̀ mọ́ àpò, afẹ́fẹ́ á gba òkè lọ, ẹ̀rọ á sì máa gbọn eruku náà dà sílẹ̀ lóòrèkóòrè kí wọ́n lè kó o. Tó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, aṣọ ọmọ yín kò ní dúdú. Ṣùgbọ́n fáànù yẹn ń jẹ iná gan-an. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó ń tàn án lọ́sàn-án nítorí àwa, tó sì ń pa á lóru nítorí owó. Mo ti rí èyí tí àpò rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ tí fáànù sì ń yí lásán. Torí náà, èéfín kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè tí mo bá wọlé, eruku ni. “Èyí tí àpò yín gbà lóṣù tó kọjá dà? Ta ló kó o, ibo ló kó o lọ, ìwé rẹ̀ dà?” Ẹni tó ń yọ́ irin tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù tí kò rí eruku fi hàn mí, orí òrùlé yín ló dà á sí.

Ẹ sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ wa tó kọ́kọ́ wá lóṣù kìíní kò rí nǹkan kan lágbolé yín. Àríwá ilé iṣẹ́ náà ni ilé yín wà. Apá òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún, á sì máa gbé èéfín wọn bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa yí padà, àwọn ará òdìkejì ló máa ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Ọ̀sán ni wọ́n sì wá. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sì tutù, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó wà lókè á dé orí èyí tó tutù nísàlẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, èéfín kò ní ríbi gbà lọ títí oòrùn á fi mú. Òru ló yẹ ká wá. N kò ní sọ ọjọ́ tí a ń bọ̀, ẹ mọ ìdí rẹ̀.

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sanwó ìtanràn, kí wọ́n sì padà sídìí àpò yíya kan náà. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò yín ló ń dúró ti iná yẹn, àwọn ló sì ń mí èéfín náà símú jù. Àpò tuntun ni mo ń wá, àti fáànù tí kì í sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ìgbàkígbà tí òórùn náà bá dé, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí àwọn aládùúgbò méjì mẹ́ta náà sì máa kọ tiwọn lọ́tọ̀. Tí gbogbo wọn bá bára mu, á gbè wá lẹ́sẹ̀ ní kóòtù. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsíbítù ìjọba, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin lẹ ń gbé, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè yẹ òjé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lead, wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irin àlòkù tó ní ọ̀dà lára lè ní òjé, kò sì sí ìwọ̀nba òjé kankan tí a mọ̀ pé kò ní pa ọmọdé lára. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín náà jìnnà sí fèrèsé yàrá rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé owó wá pé kí ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀sùn, n kò ní dá yín lẹ́jọ́, mo mọ bí nǹkan ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó pè mí. Nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fún yín ní ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ aago mẹ́ta òru ni èéfín náà dé, aago mẹ́ta òru náà ni kí ẹ pè.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjiníà tí ẹjọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀