Àjọkẹ́, má tíì sanwó rédíò yẹn

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo tún un gbọ́, mo sì wo àkókò tó wọlé. Àjọkẹ́, ta ló ń bèèrè ọ̀rọ̀ rédíò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru? O ní oorun kì í kùn ọ́ mọ́, o ní fóònù ló fà á. O wá fẹ́ lé fóònù jáde kúrò nínú yàrá, kí o gbé rédíò tó ní aago sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tó ní dock, ìyẹn ìjókòó tó ní ẹnu ìsopọ̀, tí o lè gbé iPod àtijọ́ rẹ, ẹ̀rọ orin Apple yẹn, lé, kó máa fi orin jí ọ. O tún ní kí owó rẹ̀ má pọ̀. Ó dáa. Ìwọ lo bi mí, fara balẹ̀ gbọ́.

Kí n tó gbàgbé: Rónkẹ́ ti bímọ, obìnrin ni, igbe rẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Délé ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ sinmi. Àwa méjèèjì la mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí o ní kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́ ń wá nọ́ńbà rẹ kiri, mi ò fún un. Màmá wà. Màá dé ibẹ̀.

Rédíò. Nígbà tí iPod ń jọba, bóyá ni ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe rédíò tí kò ṣe èyí tó ní dock. Ọdún 2003 ni Apple gbé ẹnu fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ iPod rẹ yẹn jáde, èyí tó ní eyín 30 nínú, gbogbo ayé sì sáré ṣe nǹkan tó bá a mu. Nígbà tó di 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì, wọ́n mú ẹnu tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Lightning dé. Nígbà tó di 2023, fóònù wọn kúrò lórí Lightning náà, ó bọ́ sórí USB-C. iPod tó ní kẹ̀kẹ́ lójú, bíi tìrẹ, wọn ò tà á mọ́ láti 2014. Ìran iPod lápapọ̀ parí ní 2022. Bí àwọn rédíò wọ̀nyẹn ṣe di opó nìyẹn: ara wọn le, ohùn wọn ń jáde, ṣùgbọ́n ọkọ ti lọ.

Ìyẹn ló sì dára fún àpò rẹ, torí ohun tí kò sẹ́ni tó ń jà sí kì í wọ́n. Má wulẹ̀ wá tuntun. Tuntun tí wọ́n ń tà báyìí, Bluetooth àti ojú USB ló ní, iPod rẹ ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ Bluetooth. Àlòkù ni kí o wá. Ẹlòmíràn ti gbé tirẹ̀ sínú àpótí láti ọjọ́ tó ti ra fóònù tuntun, inú rẹ̀ á dùn kí ẹnìkan bá òun gbé e kúrò nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ra èyíkéyìí tí kò ní ihò AUX. O mọ̀ ọ́n, ihò róbótó tó rí bí èyí tí íyápíìsì ń wọ̀, mìlímítà 3.5. Bí ẹnu dock bá kọṣẹ́ lọ́la, bí iPod bá dákẹ́, rédíò yẹn á ṣì wúlò, torí ohunkóhun tó bá ní ojú íyápíìsì ló lè fi wáyà kan kọrin jáde lára rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú dock àti AUX, AUX ni màá mú láìwẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń ra ẹrù nítorí dock nìkan, ẹnu kan ṣoṣo tí àwọn tó ṣe é gan-an ti pa tì ló ń sanwó fún.

Kí o má wá ní n ò sọ fún ọ: AUX ní àléébù tirẹ̀. Rédíò ò lè pàṣẹ fún iPod láti ojú ibẹ̀. Nígbà tí iPod bá jókòó sórí dock, bí àkókò bá tó, rédíò á jí i, orin á bẹ̀rẹ̀. Lójú AUX, rédíò á kàn ṣí etí sílẹ̀ ni. Bí iPod bá ń sùn, àwọn méjèèjì á jọ máa sùn, ìwọ náà á máa sùn, ọ̀gá rẹ á sì máa wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ AUX lo fẹ́ lò, fi àláàmù sórí FM tàbí sórí ariwo tíì-tíì yẹn, kí o fi orin sílẹ̀ fún alẹ́. Dock pàápàá, bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí iPod ò bá sí níbẹ̀ tàbí tí bátìrì rẹ̀ tán. Èyí tó gbọ́n á bọ́ sórí ariwo fúnra rẹ̀. Èyí tí kò gbọ́n á dákẹ́.

Má sì jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí dock kan bá ń kọrin tí kò ṣáájì. Àwọn dock ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ń gba ojú FireWire, irú ìsopọ̀ àtijọ́ kan, fún iPod ní iná, láti 2008 ni àwọn iPod nano àti iPod touch tuntun ò sì ti gba iná ibẹ̀ mọ́. Tìrẹ dàgbà, ó ṣeé ṣe kó gbà á. Gbé e dání lọ síbi tí o bá ti fẹ́ ra nǹkan, kí o gbé e lé e kí o tó mú owó jáde, kí o wò ó bóyá àmì bátìrì ń yí padà. Ẹni tó bá kọ̀ pé kí o má dán an wò ti dá ọ lóhùn.

Bí o bá ti débẹ̀, má wo ẹwà rẹ̀. Pa iná yàrá tí wọ́n bá gbà, kí o wo bí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ṣe ń tàn. Àwọn kan wà tí àwọ̀ búlúù wọn lè mú kí èèyàn ka ìwé nínú òkùnkùn. Kò sí oorun nínú ìyẹn. O nílò èyí tí a lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí tí á fi kú pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dé ìpẹ̀kun kí ó tó dákẹ́. Ibi yìí ni àwọn olówó pọ́ọ́kú ti máa ń já èèyàn kulẹ̀: ohùn tó kéré jù lọ lára wọn ṣì ń pariwo, o ò sì lè fi í sùn. Ti stereo tí wọ́n ń kọ sára páálí, má sanwó fún un. Sípíkà méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí kékeré, ibì kan náà ni etí rẹ á ti máa gbọ́ wọn.

Bátìrì abẹ́ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, èyí tí á máa ṣọ́ àkókò bí iná bá lọ. Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: òmíràn kàn ń rántí àkókò ni, kò lè dún, òmíràn lè dún. Bí o bá rí èyí tó ní àláàmù méjì, mú un, torí ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ò dọ́gba. Wáyà tó ń fì lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe okùn ọ̀ṣọ́ o, òun ló ń mú FM. Na án, má ká a. Wo púlọ́ọ̀gì àti àpótí iná rẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ló máa ń sọnù lára àlòkù, tí a bá sì fi èyí tí kò bá a mu rọ́pò rẹ̀, rédíò lè jóná.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ láti Amẹ́ríkà, bi í bóyá iná ni aago rẹ̀ ń kà láti mọ àkókò. Iná tiwọn, yàtọ̀ sí pé kò ju 120 fólítì lọ, ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, 50 ni. Aago tí wọ́n kọ́ láti máa ka 60, bí o bá gbé e sórí 50, á máa fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé o ra ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ fólítì. Má rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, àwọn aago tó ń ka iná káàkiri Yúróòpù fi bí ìṣẹ́jú 6 sẹ́yìn, torí pé Serbia àti Kosovo ń fa ọ̀rọ̀ iná mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìwọ tí o máa ń wá àwáwí, èyí ì bá ti ṣe ọ́ lóore.

Ó ku bọ́tìnnì snooze. Láti 1956 ni General Electric ti ń ta aago tó ní in, ọ̀pọ̀ sì ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú 9 kó tó tún dún. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù níbí. Ìwọ àti bọ́tìnnì yẹn ti jọ rìn jìnnà, ẹni tó bá ọ gbé yàrá ní ọdún ìdánwò yẹn ò lè gbàgbé bí o ṣe máa ń gbá aago. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé lára ọ̀pọ̀ rédíò wọ̀nyí, bọ́tìnnì náà wà ní orí, níwájú dock gan-an. Ọwọ́ rẹ á máa balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iPod láràárọ̀. Irú tìrẹ yẹn, dísìkì tó ń yí gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n máa gbá òun.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti òkè nìyí, Àjọkẹ́.

Ara Màmá le. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ṣì lè fi ojú lásán bá èèyàn wí. Ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ rọ, apá ti ń padà, ọ̀rọ̀ ò tíì padà. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dúró, á máa wò mí kí n bá òun parí rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ṣì í, á gbá mi lọ́wọ́, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù torí mo mọ ẹkún rẹ, mi ò sì fẹ́ kí á jọ máa sunkún lórí ẹ̀rọ nígbà tí Màmá jókòó tì mí tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń gbọ́ o. Kò sí ohun tí kò gbọ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ òjò tí o fi gbohùngbohùn bíńtín yẹn sórí iPod, tí o ní kó sọ bí òun àti Bàbá ṣe pàdé? Ó sọ ọ́ títí tó fi dé ibi tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́, ìwọ lo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó máa bá a lọ. Inú iPod rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Mo ti wá a nínú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: kí iPod yẹn tó gun orí dock kankan, bá mi gba ohùn Màmá kúrò nínú rẹ̀. Bí o bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, ó lè bi ọ́ pé ṣé kí òun pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí òun tó kó tuntun sí i. Rárá ni kí o dáhùn. Tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bá fẹ́ dà ọ́ rú, fi í sílẹ̀. Ki wáyà bọ ojú íyápíìsì rẹ̀, so ó mọ́ sípíkà èyíkéyìí, gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, kí o gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bó bá ní ariwo díẹ̀ nínú, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kàn rí i pé fóònù náà kò ní gba ìpè lásìkò yẹn.

Mi ò sọ pé yóò wo nǹkan kan sàn. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ, kí n lè mọ bí àwọn gbólóhùn yẹn ṣe máa ń parí.

Tí o bá ti ṣe ìyẹn tán, lọ ra rédíò rẹ. Tí o bá rí èyí tó wù ọ́, ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wí, iwájú ò kàn mí. Ẹ̀yìn ni ihò àti nọ́ńbà fólítì wà. Màá sọ fún ọ bóyá kí o mú un.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́sẹ̀

Mo gbàgbé: tí iPod bá kọ̀ tí kò tàn, wo bọ́tìnnì Hold lórí rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Lẹ́yìn náà, fún un ní iná fún bíi wákàtí kan kí o tó sọ pé ó ti kú.