Àwa Tí A Fi Ìkíni Jẹ́ Orúkọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí àárín ìgboro Kàbà yìí kò ní gbàgbé bí iwájú ilé ṣe máa ń rí ní àkókò ìkórè kọfí. Wọn a sá kọfí sílẹ̀ kí ó gbẹ, ìyá àgbà kan a jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá tí ó fi ń lé ewúrẹ́, ọmọ tí ó bá sì kọjá níbẹ̀ láìkí i, ìròyìn rẹ̀ a ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìgboro ni a ń gbé, ṣùgbọ́n ìwà abúlé ni a ń hù.

Ibi tí a ń sá kọfí sí ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí, ọ̀pọ̀ agboolé sì ti di yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogi ti dé ìlú wa. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni ráhùn sí èyí, nítorí owó ilé ni àwọn opó kan láàárín wa fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ògiri gíga àti géètì tí a ń tì kí ilẹ̀ tó ṣú náà ní ìdí: gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti fi ojú àwọn ará wa rí lójú ọ̀nà àti nínú oko.

Ìkíni ni ó ń dùn mí. “Ọ̀kun” tí a fi ń kí ara wa ni àwọn ẹlòmíràn gbọ́ tí wọ́n fi sọ wá lórúkọ. A gbé e lọ́wọ́ nígbà tí a wà ní Kwara, a sì gbé e wọ Kogi nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọbìnrin Ígálà kan tí ó háyà yàrá nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé òun máa ń kí àwọn àgbà àdúgbò ní “Ọ̀kun”, wọn a sì wo òun láìdáhùn. (Mo bi í bóyá mo wà lára wọn, ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn.) Mo ti rò pé àwọn àlejò ni kò mọ ìwà wa.

Nígbà tí Sekaráyà ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ṣe rí nígbà tí Olúwa bá padà síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ògiri ní orí 8, ẹsẹ 4 àti 5: arúgbó ọkùnrin àti obìnrin tí ó jókòó ní ìgboro pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ ni ó rí, àti ọmọdé tí ń ṣeré níta.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn àgbà ìjọ pé, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí, kí a máa gbé àga wa síwájú géètì fún wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀. Tèmi yóò ti wà níta láti aago márùn-ún.

Olùṣọ́-àgùntàn yín