Bátìrì nìkan ló kú, ẹ ní ká sọ gbogbo iná nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan gbé ọkọ̀ alákàbà wá sí àdúgbò wa nítòsí Òkè-Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, wọ́n ń tú àwọn iná sólà orí òpó tó ti kú tipẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni. Rárá o. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jù wọ́n sí, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń gbé sí ipò wọn, tuntun nínú páálí. Iṣẹ́ iná ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, mítà mi ṣì wà nílé. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kó jẹ́ kí n yẹ ọ̀kan wò. Irin la fi já ìdí rẹ̀, torí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń mú iná wá lábẹ́ oòrùn. Gílóòbù rẹ̀ tàn rokoṣo nígbà tí mo so ó mọ́ bátìrì mìíràn. Bátìrì nìkan ló kú! Ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí a kò mọ̀.

Ẹni tó bá ń rìn láàárín Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Igbó lóru á mọ irú iná tí mò ń wí. Pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, kóńtírólà tó ń darí iná láàárín wọn, àti gílóòbù, inú àpótí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Ó dùn ún wò, kì í pẹ́ kọ́ sórí òpó, ìdí nìyẹn tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì kò fẹ́ ooru, ìdí pánẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ń yan látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n sì lọ fi í há mọ́. Òun ló máa kọ́kọ́ kú, bó bá sì kú, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Bí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀dà kun òpó. Òpó á máa dán, ojú ọ̀nà á ṣókùnkùn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní nígbà tí bátìrì wà nínú àpótí tirẹ̀ lára òpó, olè ló ń jí i. Lóòótọ́ ni. Ṣé olè ò wá jí èyí mọ́ ni? Bóòtù méjì péré ló dì í mú lókè, bí olè bá tú u, ó kó bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì àti gílóòbù lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jórin yí àpótí bátìrì ká, kí ẹ sì fi àgádágodo sí i. Wẹ́dà kún ìlú yìí fọ́fọ́.

Ẹ wo inú ilé tiwa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra sólà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bátìrì olómi ló rà. Nígbà tí lithium dé, ó gbé olómi kúrò, ó gbé lithium sí i, pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà nígboro tó ń tú bátìrì laptop tó ti kú, wọ́n ń ṣa sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ bátìrì kéékèèké, tó ṣì lágbára nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ di bátìrì mìíràn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Bátìrì ni wọ́n mọ̀, ààlà bátìrì ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dárà tuntun. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù dí i mọ́ wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?

Àbúrò mi obìnrin ní ilé ẹ̀rọ gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ́ńjìnnì dá dúró, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ dá dúró, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ wà lọ́tọ̀, agbada tí wọ́n fi ń yan án wà lọ́tọ̀. Nígbà tí dísù gbówó lórí, ó yọ bẹ́líìtì kúrò lára ẹ́ńjìnnì dísù, ó fi kọ́ ti bẹntiróòlù. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, tó ń rin ẹ̀gẹ́ gan-an, bí ojú rẹ̀ bá kú, páànù nìkan ni wẹ́dà ń pààrọ̀. Wẹ́dà yìí kan náà ló rò ó lọ́jọ́ kan pé kí òun fi irin tí kì í dípẹtà ṣe é. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni gàrí tó funfun jù ti àtẹ̀yìnwá lọ ti wá.

Àwọn aláṣẹ wá gbé ẹ̀rọ ńlá kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lágbègbè ibẹ̀. Ó ń rin, ó ń fún, ó ń sẹ́, gbogbo rẹ̀ léraléra nínú ara kan náà. Ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ Ìjẹ̀bú kì í sinmi nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, kí a tó fún un? Àyè ìsinmi yẹn ni gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀rọ wọn kò sì fi í sílẹ̀. Kí àwọn ìyá tó rí i bá jà, bọ́ọ̀dù kan nínú rẹ̀ jó, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Aṣọ ni wọ́n ń sá lé e lórí báyìí.

Kì í ṣe iná àti gàrí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà System/360 jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kékeré bọ́ sórí ńlá sábà máa ń tún ètò tó ti kọ sí i kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. IBM pín tuntun yìí sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sì fún wọn ní ojú ìsopọ̀ kan náà. Kò pẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe dísíìkì àti ẹ̀rọ téèpù tó wọ ara kọ̀ǹpútà IBM geere, ní owó pọ́ọ́kú. Inú IBM ò dùn sí i, àmọ́ ó di dandan kóun náà múra síṣẹ́. Nígbà tó ṣe PC, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ní 1981, ọwọ́ ilé iṣẹ́ Intel ló ti ra ọpọlọ rẹ̀, ọwọ́ ilé iṣẹ́ Microsoft ló ti gba ètò tó ń darí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn wò ó, wọ́n ṣe irú rẹ̀. Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló pọ̀ jù lórí tábìlì àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé iná onígọ́ọ̀mù yìí. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tiẹ̀ ti wà láti 2023 pé tó bá di oṣù kejì ọdún 2027, ẹni tó ra ọ̀pọ̀ ohun èlò àmúlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iná tó ṣeé tún ṣe kì í bí kọ́ńtíráàtì tuntun, gbogbo wa la sì mọ ẹni tí kọ́ńtíráàtì ń dùn mọ́. Bátìrì nìkan ló kú, owó odindi iná ni wọ́n tún ná.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí àwọn aláṣẹ tó buwọ́ lu ìwé kọ́ńtíráàtì, kí agbaṣẹ́ṣe gbé iná kan wá sí gbangba, kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná ìlú yan ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tí kò bá agbaṣẹ́ṣe náà tan. Sípánà lásán ni kí wọ́n fún un. Kó yọ pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, kóńtírólà àti gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tò wọ́n padà, kí iná tàn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ ra bátìrì ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́jà, èyí tí fólítì rẹ̀ jẹ́ 12.8 bíi ti àkọ́kọ́, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2, kó fi í sí i. Bí iná ò bá tàn, kí agbaṣẹ́ṣe gbé ẹrù rẹ̀, kó máa lọ. Kí wọ́n kọ fólítì gàdàgbà sára àpótí. Kí iye owó bátìrì dá wà nínú ìwé, ká lè mọ ohun tí a óò rà bó bá kú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, Òdògbólú, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù sì fẹnu kò lórí irú orí wáyà kan ṣoṣo, kí bátìrì Ìkẹ́nnẹ́ lè wọ òpó Òdògbólú.

Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà máa kọ́ àwọn ọmọ ní títú nǹkan, kì í ṣe yíyàwòrán rẹ̀ sójú pátákó nìkan. Mo sì gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ pín ẹ̀rọ gàrí kí ìbò tó dé. Ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ẹ̀rọ ìrin lọ́tọ̀, asẹ́ lọ́tọ̀ ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi àwọn ìyá léèrè. Ẹni tó ti ní jáàkì, kí wọ́n má fún un ní jáàkì.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ iná kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.