Àṣàkẹ́, má dá lọ sí Ìta Fájì mọ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi ò ní àlàáfíà, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Láti ìgbà tí Ìyá Ìbejì ti ti Èkó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn ń ra ọjà bọ̀ láti Òkè Àrin ni àwọn rí i tí èrò pé lé ọmọbìnrin kan lórí ní Ìta Fájì. Kámẹ́rà wà lọ́rùn ọmọ náà, àwọn èèyàn ń pariwo pé òun ló ń bá ìjọba ya fótò àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n ti fa aṣọ rẹ̀ ya léjìká. Ìyá Ìbejì ò rí ojú rẹ̀. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, fóònù ti kú. Mo kọ̀wé sí ọ lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò rẹ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Mo ti sọ fún un pé bí kò bá bá ọ nílé, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí o ó fi dé.

Ṣé ìwọ ni? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí ló dé tí o ò gbé fóònù ìyá rẹ?

Bàbá rẹ wà. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ga ti wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí mo bá kẹ́yìn. Owó oògùn tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣé, Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. Wọ́n ti tún tírànsífọ́mà àdúgbò wa ṣe. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, obìnrin ni, wọ́n sì ń retí rẹ níbi ìkómọ.

Mi ò sọ pé kí o má ya fótò àwọn ilé àtijọ́ mọ́. A ti ja ìjà yẹn tán. Ohun tí mò ń bá ọ jà lé lórí ni dídá lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, pẹ̀lú kámẹ́rà tí owó rẹ̀ lè ra ọ̀kadà, ní àdúgbò tí kò ti sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́! O máa ń sọ fún mi pé, "Màámi, fótò lásán ni." Kò sí fótò lásán lójú ẹni tí wọ́n lè wó ilé rẹ̀ lọ́la. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé ni àwọn tó gbé ìwé àti kámẹ́rà lọ́wọ́. Wọ́n á yà, wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà pupa á yọ lára ògiri. Lẹ́yìn ọ̀dà, kátápílà. Àwọn èèyàn wa kan wà ní Máròkò ní July 1990 tí ìjọba ológun wó gbogbo ibẹ̀ palẹ̀. Títí tí wọ́n fi kú, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ya ilé, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń tì.

Ti ìjọba nìkan kọ́. Ẹjọ́ ẹbí tún wà níbẹ̀. Ilé àjogúnbá kan ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil bọ̀ wálé, ó lè jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọ-ọmọ ló ní in. Àwọn kan fẹ́ tà, àwọn kan ní àwọn ò tà. Ìwọ wá dúró síwájú rẹ̀, o gbé kámẹ́rà sójú. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe apá kan ló rán ọ wá kí o yà á fún ẹni tó fẹ́ rà á? O ò sì ní ẹnì kankan níbẹ̀ tí yóò sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ wa ni." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, Àṣàkẹ́. Èrò. Èrò Èkó kì í bèèrè ọ̀rọ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ nì, ni. Láti kékeré ni mo ti ń mú ọ kọjá níwájú rẹ̀ ní Tinúbú, o sì máa ń tọ́ka sí àwọn fèrèsé rẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ, láti nǹkan bí ọdún 1855, lásìkò tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil bọ̀ wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́ wọn. Láti 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin dáàbò bò ó. Ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá, ni wọ́n wó o lulẹ̀. O pè mí lórí fóònù, o ń sunkún, mo sì sọ fún ọ pé ilé kì í ṣe èèyàn, kí o lọ wá nǹkan jẹ. Kò pẹ́ sígbà náà lo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ò dára. Bí ìyá ni ilé tiwa jẹ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe wá ń sọ pé ilé kì í ṣe èèyàn?

Má gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá ti kun ọ̀dà pupa sí. Bí wọ́n tiẹ̀ ní kí o máa bọ̀, dúró nísàlẹ̀. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìta Fájì yẹn kan náà ní 13 March 2019, ilé tó wó tòun ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tó wà lókè rẹ̀. Mo gbọ́ igbe àwọn ìyá wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé àtijọ́ ló yẹ kó dúró, mo fẹ́ kí o gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ẹbí wa náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta tiwa. Ògiri ti là, àwọn ọmọ sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Títà yẹn ò dùn mí tó bí o ṣe rò. Nǹkan mìíràn ló ń dùn mí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọ rí.

Ọjọ́ kan ni, kí a tó ta ilé, o wà nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá síwájú ilé wa tòun ti kámẹ́rà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá àgbà. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí a ó fi se frejon ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Àgbọn tí a ó fún sí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ya wọ́n pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àti òdòdó tí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì ṣe sókè rẹ̀, òun á sì mú ti Màmá wá fún wọn. Inú Màmá dùn. Wọ́n ké sí mi pé kí n bá àwọn mú gèlè wá.

Èmi tí mo jáde láti ẹ̀yìnkùlé, mi ò mú gèlè wá. Ẹjọ́ ilé wà ní kóòtù nígbà náà, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ ló rán an. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo kígbe olè. Nígbà tí mo rí i pé àwọn èèyàn ń wò mí, mo kígbe gbọ́mọgbọ́mọ. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá sílẹ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, òpópó ti kún. Mo ní ó tó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n la kámẹ́rà rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìgbátí bò ó. Màmá àgbà ló dìde kúrò lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi ara wọn bo ọmọ náà, tí èrò fi dáwọ́ dúró. Etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi kọjá. Wọ́n kú kí a tó ta ilé. Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú, fótò tó wà lára káàdì ìdìbò wọn ni a rí, òun náà ni a ní kí wọ́n fẹ̀ lójú. Ilé yẹn ti di plásà tí wọ́n ti ń ta bàtà. Kò sí àwòrán ilẹ̀kùn náà kan lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú ẹbí wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ yà á, èmi ni mo lé e.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì ń sọ ti Ìta Fájì fún mi, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́ láàrin èrò náà. Ìdí tí mi ò fi lè sùn nìyẹn. Mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tí ẹ̀rù ń bà ló máa ń kígbe àkọ́kọ́, kì í ṣe ìpátá.

Nítorí náà, bí o bá dé ibi kan, fi kámẹ́rà sínú àpò. Kí wọn. Jókòó. Bèèrè ọ̀dọ̀ olórí ilé, kí o sì bèèrè bóyá ìjà wà lórí ilé náà. Àwọn ọmọ ilé á sọ fún ọ. Ya àwọn èèyàn kí o tó ya ògiri. Bàbá Ojeikere tí o máa ń royìn fún mi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin láti 1968, kò sí obìnrin tí yóò kẹ́yìn sí ọkùnrin kó ya onílé gógóró orí rẹ̀ bí kò bá fọkàn tán an. Bí o bá ti yà wọ́n, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí o mú un padà fún wọn. Má fi sí fóònù nìkan. Kọ orúkọ wọn, orúkọ òpópó àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Campos àti Lafiaji tó ń jó kàrétà, ijó ìbòjú àwọn Àgùdà, lásìkò Àjíǹde, àwọn ìyá tó ń ta àgbo ní Jánkárà, gbogbo wọn ló ní orúkọ. Bọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀ bá sì dé, má di irun sùkú, má wọ bàtà sáńdà, èèwọ̀ ni, mo ti sọ èyí fún ọ tẹ́lẹ̀.

Jẹun. Nínú fótò tí àbúrò rẹ fi hàn mí, ọrùn rẹ ti gùn jù. Èyí tí o ya bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n, mo ti fi férémù sí i, ó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi. Wọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé wọn.

Ìyá tí wọ́n ń gbé òdìkejì ilé wa nígbà náà ṣì wà láyé. Àwọn àti Màmá àgbà jọ dàgbà ni. Ọmọ wọn fẹ́ kó wọn lọ sí Àjáh kí oṣù yìí tó parí, torí ilé tiwọn náà ti gba ọ̀dà pupa. Mo ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó ní ká máa bọ̀ ní Saturday. Èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. N ó wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ láti Ìkòròdú. Dúró dè mí ní Tinúbú, má wọ àdúgbò náà ṣáájú mi. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n nà ní Ìta Fájì, má jáde rárá, sọ fún àbúrò rẹ kó fi fóònù tirẹ̀ pè mí, n ó wá bá ọ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lálẹ́ òní.

Èmi ìyá rẹ,
Ìkòròdú