Ẹ ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ọnà yẹn ná, kí ẹ tó máa wá ọ̀gá kiri

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, fírémù ni mò ń kàn ní apá Lágéré, èmi náà sì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ọnà àdúgbò wa, èyí tó ti di àríyànjiyàn látìgbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ti gbé ipò sílẹ̀ lọ́dún yìí. Gbogbo ibi téèyàn bá dé, ẹni tó máa jẹ dáírẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn kan ní ọmọ Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ ni, àwọn kan ní kí wọ́n lọ mú ẹnì kan wá l'Ékòó, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà ti ṣe é tó. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí wà? Ohun témi ń bèèrè nìyẹn.

Torí pé látìgbà tí kọmítì ilé iṣẹ́ ọnà náà ti ní àwọn ń wá ọ̀gá tuntun ni wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Kíláàsì àwọn ọmọdé tó máa ń wáyé ní Sátidé, wọ́n ní ó dìgbà kan ná. Yàrá tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán, àgádágodo ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi dele ní òun ò lè ná kọ́bọ̀, torí orúkọ ọ̀gá tó lọ ló ṣì wà ní báńkì. Kí wá lẹni náà ń ṣe níbẹ̀? Ó ń gbé fóònù ni, ó ń sọ fún wa pé ká ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí sùúrù máa ń fi ojú iṣẹ́ ọnà rí lásìkò òjò, iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀, á máa fa omi mu, á wú, á wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó wà níwájú ẹ̀. Tó bá ti lẹ̀ báyìí ó parí, ẹni tó bá fà á, ojú àwòrán yẹn ló máa kù sára gíláàsì. Èébu á hù sí i. Pákó pẹlẹbẹ tá a fi ń bo ẹ̀yìn fírémù, oúnjẹ ikán ni. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ gbogbo èyí, láràárọ̀ ló máa ń ṣí fèrèsé, á fi igi tín-ín-rín há ẹ̀yìn fírémù kọ̀ọ̀kan kó má bàa fara ti ògiri, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ìwé, ó kàn ti ṣe é títí ni, bàbá yẹn gan-an ni wọ́n wá ní kó lọ máa sinmi nílé títí ọ̀gá tuntun á fi dé. Ṣé ẹ rí nǹkan?

Bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ kọ́ ni ti ilé iṣẹ́ ọnà náà o. Àwọn tó ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn tà á. Ta ló ni èwo? Ọ̀gá tó lọ mọ̀ ọ́n lórí. Mi ò bú u, ẹni tó bá ní kò ṣiṣẹ́, irọ́ ló ń pa, àmọ́ ohun tó wà lórí èèyàn, tó bá ti ń lọ, ó ń gbé e lọ nìyẹn. Ó yẹ kí rẹ́jísítà wà: orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó gbé e wá, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, iye tó ní kí wọ́n tà á, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń dele jọ kà á níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i. Obìnrin kan wà tó fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rán nǹkan ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri níbẹ̀ (àwọn àgbà àdúgbò wò ó títí, wọ́n ní ṣé wọn ò tíì gbálẹ̀ ni, èmi gan-an bá wọn rẹ́rìn-ín, ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá tàn sí i ni mo panu mọ́). Ó ti ń wá iṣẹ́ ẹ̀, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹni tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ má ti kó o dà sórí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀. Ní 1968 tí Yunifásítì Ifẹ̀ dá Orí Olókun, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀, Arúbídì láàárín ìlú ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe inú kámpọ́ọ̀sì. Ola Rotimi ń ṣe eré níbẹ̀, Akin Euba wà nídìí orin, Peggy Harper wà nídìí ijó, Solomon Wangboje ń kọ́ wọn ní àwòrán títẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Rotimi, The Gods Are Not to Blame, lọ́dún yẹn. Michael Crowder ló wà lórí ẹ̀ka yunifásítì tó dá a sílẹ̀, nígbà tó di 1971 Ulli Beier gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọ̀gá ń lọ, àwọn ọ̀gá ń bọ̀, nígbà tó yá, eré náà bá yunifásítì wọnú kámpọ́ọ̀sì. Ẹ lọ bi ọmọ ogún ọdún kan ní Arúbídì lónìí bóyá ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Ẹ wá wo Òṣogbo. Ọdún 1964 ni Georgina Beier, ìyàwó Ulli yẹn, ṣe wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, Jimoh Buraimoh tó ń tan iná fún tíátà Duro Ladipo wà níbẹ̀, Muraina Oyelami náà wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn Beier fi kọ́kọ́ kúrò ní Nàìjíríà, kí Ulli tó padà wá sí Ifẹ̀. Iṣẹ́ ò dúró. Buraimoh ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán lọ ní tiẹ̀, Oyelami wá kọ́ni ní yunifásítì wa níbí, ó tún padà sí Ìràgbìjí lọ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn ò dúró de kọmítì kankan.

Ọmọ àbúrò mi wà lára àwọn ọmọ Sátidé yẹn. Wọ́n á gbẹ́ rọ́bà, wọ́n á fi rólà yí íǹkì lé e lórí, wọ́n á tẹ́ bébà sí i, wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á títí á fi gba íǹkì, torí wọn ò ní ẹ̀rọ. Látìgbà tí wọ́n ti ti ibẹ̀, ọmọ yìí ti fi abẹ gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì ìyá ẹ̀ méjèèjì. Ìyá ẹ̀ nà án. Èmi ní kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ká tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dáa o!

Nítorí náà, ẹ̀yin kọmítì, ẹ pe bàbá yẹn padà lọ́la. Ẹ fún òun àti tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ pààrọ̀ orúkọ ní báńkì, kì í ṣe nǹkan tó ń gba oṣù. Ẹ lẹ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú sítọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí oníkálukú wá mọ tiẹ̀. Ẹ wá fara balẹ̀ wá dáírẹ́kítọ̀ yín, bó bá wù yín kó gbà yín lọ́dún kan.

Owó fírémù tí wọ́n jẹ mí ṣì wà ńlẹ̀ o, mi ò gbàgbé, àmọ́ ìyẹn lè dúró títí dìgbà tí ọ̀gá bá dé.

Èmi ni tiyín,
Onífírémù kan, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀.