Ẹ Gbé Bátìrì Kúrò Nínú Yàrá Tí Ọmọ Ń Sùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò sì ní fi bò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Ìsọ̀kún, níhìn-ín ní Iléṣà, pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó, yàrá àwọn ọmọ ń rùn bí ẹyin òbu." Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀. Bátìrì mẹ́rin ni onísólà tò sórí pákó nínú yàrá náà, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí ibi tí ọmọ mẹ́ta ń gbórí lé. Ẹ̀gbẹ́ méjì nínú àwọn bátìrì náà ti wú, wọ́n gbóná débi pé mi ò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé wọn kí n fi ka ení dé ẹ̀wá, omi inú wọn sì ń hó tí mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn. Lábẹ́ pákó náà gan-an ni oògùn ẹ̀fọn tí a ń ṣáná sí wà, tí ó ń rú èéfín, tí orí rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin iná.

Mo gbé oògùn ẹ̀fọn náà síta, mo kó àwọn ọmọ jáde, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo sì pa ẹ̀rọ tí ń gbé iná wọ bátìrì. Nígbà tí a pe onísólà, ohun tí ó sọ ni pé, "Bàbá, iná NẸ́PÀ ló fà á, bátìrì yín ò ṣe nǹkan kan." Láti ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe òṣómàáló, tí wọ́n tajà àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, mọ ilé oníbàárà wọn, oníbàárà náà sì mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Àwọn tí ń ta bátìrì fún wa lónìí kì í bojú wẹ̀yìn tí owó bá ti bọ́ sí àpò wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òórùn lásán ni mo ń pariwo lé lórí. Bí iná bá wọ bátìrì oní-ásíìdì ní àwọ̀jù, omi inú rẹ̀ a máa pín sí afẹ́fẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni háídírójìn, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí yóò sì bú gbàù nínú yàrá tí a ti pa bí iná kékeré bá ta sí i. Òórùn ẹyin òbu tí àbúrò mi gbọ́, afẹ́fẹ́ mìíràn tí í ṣe májèlé ni, òun náà ni ó sì kó àwọn ọmọ yẹn yọ, nítorí èyí tí ì bá jó wọn kì í kéde ara rẹ̀. Bátìrì nínú yàrá tí ọmọ ń sùn! Ta ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí?

Kí n tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, ẹ̀ka tí ń tún ọkọ̀ ṣe ni mo wà, mo sì ṣiṣẹ́ lórí táńkì Vickers tí ìjọba wa rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí í fún ènìyàn ní ohun gbogbo. Nínú táńkì ogun, ohun mẹ́ta ní í máa du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́: irin tí ó nípọn, ìbọn ńlá, àti eré. Bí a bá fi kún irin, ọkọ̀ yóò wúwo. Bí ó bá wúwo, ẹ́ńjìnnì ńlá ni yóò fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá sì nìyẹn, epo ni. Táńkì Abrams ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń lò lóde òní wúwo ju 60 tọ́ọ̀nù lọ, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 1,500, epo tí ó ń gbé tó nǹkan bí 1,900 lítà, síbẹ̀ kò lè fi rin ju nǹkan bí 430 kìlómítà lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe táńkì T-72 láyé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fẹ́ èyí tí ó kéré, tí ó fúyẹ́, tí ẹ̀rọ yóò máa ki ìbọn rẹ̀, kí ènìyàn mẹ́ta lè wà nínú rẹ̀ dípò mẹ́rin. Ọwọ́ wọn tẹ ohun tí wọ́n fẹ́, àmọ́ abẹ́ ìdí àwọn ológun náà ni wọ́n to ọta yí ká. Ní Íráàkì ní 1991 àti ní Ukraine láti 2022, gbogbo ayé rí i bí orí táńkì yẹn ṣe ń fò lọ sókè bí ọmọrí ìkòkò nígbà tí ọta náà bá gbiná.

Nínú Abrams, ẹ̀yìn orí táńkì ni púpọ̀ nínú ọta wà, ilẹ̀kùn irin sì là wọ́n níyà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òrùlé ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó rọ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣe é kò sọ pé ọta kò ní gbiná láé. Ó ní bí ó bá gbiná, kí iná náà rí òkè gbà lọ. Ìwọ̀n kún un, owó kún un, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀mí àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ológun tí wọ́n ti gbà láti kú ni wọ́n ṣe èyí fún. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?

Bátìrì náà kì í fún ènìyàn ní ohun gbogbo. Èyí tí ó jẹ́ oní-ásíìdì kò wọ́nwó púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ 12 fólítì àti 200 áńpíà sí lára, tí ó yẹ kí ó gba 2.4 kílówáàtì-wákàtí, ìdajì rẹ̀ péré ni kí a máa fà bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ó ń fẹ́ omi déédéé, ooru sì ń jẹ ẹ́ lára. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù onírin-fọ́síféètì wọ́n nígbà tí a bá ń rà á, ṣùgbọ́n a lè fa mẹ́jọ nínú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í tètè gbiná. Ẹ̀yà lítíọ́ọ̀mù kejì, èyí tí ó ní níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì nínú, ń gba iná púpọ̀ sínú ìwọ̀n kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àmọ́ òun ni ó tètè ń gbiná, tí iná rẹ̀ sì ṣòro í pa. Ilé kì í rìn. Kí ni bátìrì tí a tú lára ọkọ̀ òkèèrè ń wá nínú yàrá wa, tí wọ́n kó sínú àpótí tuntun tí wọ́n sì kọ "Lithium" sí lára, láìsọ irú èyí tí í ṣe? Ní Moss Landing ní Kalifóníà, ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹ̀yà kejì yìí ni wọ́n kó jọ sínú ilé ńlá kan ṣoṣo. Nígbà tí ó gbiná, ó di dandan kí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún sá kúrò nílé. Àwọn ẹni tí wọ́n ní ẹ̀rọ àti owó nìyẹn o.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sọ owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́ (Band A, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ) di 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan, tí gbogbo wa sì sá tọ sólà lọ. Wọ́n ń gba owó orí ẹrù náà ní etíkun, wọ́n ń ya fọ́tò níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí páńẹ́lì, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó wọ ilé kan rí láti béèrè pé, níbo ni ẹ gbé bátìrì yìí sí? Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, bátìrì sì wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ilé bátìrì lọ, kí ìjọba sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo onísólà. Ẹ̀yìn ògiri tí ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná ilé, wà ni kí a kọ́ ọ sí, níta, kò sì gbà tó búlọ́ọ̀kù ogójì. Kí ilẹ̀ rẹ̀ ga sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan nítorí àgbàrá. Kí a dá ihò sí ìsàlẹ̀, kí a sì dá òmíràn sábẹ́ òrùlé gẹ́rẹ́, nítorí òkè ni háídírójìn ń gbà. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a fi bo orí rẹ̀, kí a má ṣe da kọnkéré lé e, kí ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lè gba òkè lọ gẹ́gẹ́ bí ti Abrams. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù olè ni ó ń mú àwọn ènìyàn gbé bátìrì wọlé. Ilẹ̀kùn irin àti àgádágodo ni oògùn ìyẹn. Àwọn onísólà yóò ní wáyà yóò gùn jù, òótọ́ sì wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tí ń lo 2,400 wọ́ọ̀tì lórí 24 fólítì ń fa 100 áńpíà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn yóò sì gbóná. Ìdí tí mo fi ní ẹ̀yìn ògiri kan náà nìyẹn, kí wáyà gba inú páìpù wọlé, kí ó má gùn ju apá ènìyàn kan lọ, kí bírékà sì wà nítòsí bátìrì. Ooru ìta lè dín ọjọ́ orí bátìrì kù díẹ̀, pàápàá bí a bá kọ ojú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn láìsí ìbòòji. Mo fara mọ́ kí n pàdánù ọdún kan lára bátìrì.

Ní ti àwọn tí ń kó àpótí onírọ́ wọlé, kí ìjọba fi dandan lé e pé kí irú lítíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ hàn lára rẹ̀. Kí wọ́n sì dá àwọn onísólà lẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti bíríkìlà kan kọ́ ilé bátìrì sẹ́yìn ilé àbúrò mi. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ń gbẹ, a sì ti gbé bátìrì méjì tí kò wú sínú rẹ̀. Ilé mi ni àwọn ọmọ náà ṣì ń sùn di òní, nítorí ìyá wọn ní òun ṣì ń gbọ́ òórùn náà nínú yàrá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà.