Tíkẹ́ẹ̀tì yín wà lọ́wọ́ mi

London
Sunday, 8 November 2009

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Jackson,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màmá àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà ni mo wà, òtútù ti ń wọlé ṣùgbọ́n kò tíì mú bíi ti èsí, iṣẹ́ alẹ́ náà la ṣì ń bá yí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú, torí láti Thursday tí mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé mo ti wo fíìmù Michael Jackson yẹn, This Is It, mi ò tún gbin mọ́. Ẹ má bínú jàre, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù ni, káàdì á ti tán kí n tó dé ibi tó dùn, ẹ̀yin náà á sì máa dá mi dúró pé ẹ ẹ́, kí ló tún wá ṣe, kí ló wọ̀. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́.

Láti ibi iṣẹ́ ni mo gba ibẹ̀ lọ, oorun ṣì wà lójú mi. Ọjọ́ 28 oṣù tó kọjá ló jáde, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì láwọn máa fi gbé e, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ti kó o kúrò kí n tó ráyè. Èèyàn ò pọ̀ ní sinimá náà láàárọ̀ yẹn. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó níwájú mi tó dé fìlà dúdú irú ti Michael yẹn, ó sì dé e títí tó fi parí, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín o, kí ẹ má lọ rò pé ṣóò ni. Kò sí ṣóò. Ṣebí ẹ rántí pé March ló bọ́ síta níbí pé òun ń bọ̀ wá ṣe ṣóò ìkẹyìn ní O2, gbọ̀ngàn ńlá kan níbí, mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ká tó ṣẹ́jú ó ti di 50, láti July títí wọ March ọdún tó ń bọ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ 8 July, wọ́n sún un sí 13, ìgbà tó máa fi di 25 June ọkùnrin ti lọ. Nítorí náà ríhásà ni gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní Los Angeles láti April títí di June, nínú gbọ̀ngàn méjì kan tí wọ́n ń pè ní Forum àti Staples Center. Wọ́n ń yà á sí fídíò fún òun fúnra ẹ̀ ni, láti fi pamọ́, fídíò yẹn lé ní 100 wákàtí. Kenny Ortega, ẹni tí òun àti Michael jọ ń darí ṣóò náà, ló wá jókòó tì í tó gé e kù sí nǹkan tí ò tó wákàtí méjì.

Àwọn oníjó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré ni wọ́n lójú mi o, wọ́n dúró síwájú kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bó ṣe rí lára wọn pé Michael Jackson mú àwọn, àwọn míì láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti wọkọ̀ òfuurufú wá, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò lè parí ẹ̀, omi ti dé ojú ẹ̀. Inú wọn ń dùn ni o. Wọn ò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Àwa tá a jókòó sínú òkùnkùn la mọ̀, ó wá dà bíi pé à ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn.

Ìgbà tó wá yọ, Bọ̀dá mi, ó rù o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọwọ́ ẹ̀ tinrín bíi ti ọmọdé. Àmọ́ ẹ gbọ́, ó dúró láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ẹni 50 ọdún, kì í sì í jó o dójú àmì, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ sàmì síbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà ni, síbẹ̀ ojú yín ò ní kúrò lára ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn á fò sókè, wọ́n á yí bí òkòtó, òun á kàn ju ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ó ti tán.

Ibì kan wà níbi orin The Way You Make Me Feel, òun àti Michael Bearden, olórí àwọn onílù ẹ̀, tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Ìlù náà ń yá jù lójú ẹ̀. Ó ní kó falẹ̀, kó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ ara ẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tún lù ú. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rọra hó díẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ síbi tó kàn, kí wọ́n má kánjú bọ́ síbẹ̀. Kò pariwo o, kò bú ẹnikẹ́ni, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ kò gbà. Ìgbà tí wọ́n sì ń kọ àwọn orin àtijọ́ ti Jackson 5, ẹgbẹ́ òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó dá wọn dúró lójijì, ó ní nǹkan tí wọ́n kì bọ òun létí láti máa fi gbọ́ ohùn ara òun dà bí ẹni pé ẹnì kan ń ti ìkúùkù bọ etí òun. Mo rẹ́rìn-ín. Ó sì tún fi kún un pé tìfẹ́tìfẹ́ lòun fi sọ ọ́.

Èyí tó pa mí jù nínú èyí ni ti orin Smooth Criminal. Ó máa kọ ẹ̀yìn sí sikirínì ńlá kan, sikirínì yẹn ló sì máa yí kó tó gbéra. Ortega wá bi í léèrè pé báwo lo ṣe máa rí i nígbà tó wà lẹ́yìn ẹ. Ó ní òun á mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ló kúrú tó. Kò ṣe fọ́ńté, bí ẹni tó ń sọ pé òun á bọ́ bàtà òun lẹ́nu ọ̀nà ni.

Àti ọmọbìnrin tó ń ta gìtá, Orianthi, ọmọ Australia, irun ẹ̀ funfun bí òwú. Ó fẹ́ kí ọmọ yẹn gbé ohùn gìtá náà ròkè kó sì fà á gùn, ó dúró tì í gan-an, ó ń fi ẹnu kọ ohùn yẹn fún un, ó ní àsìkò tìẹ nìyí, kó tàn. Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sin ín? Ọ̀gá tèmi níbí, tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, á ní òun lòun ṣe é.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ń bínú sí fíìmù yìí gan-an, ó ní ìwà àìdáa ni, ẹni tí kì í jẹ́ kí ayé rí nǹkan òun àfi tó bá ti dán bíi dígí, wọ́n wá kó ríhásà ẹ̀ síta kí wọ́n lè fi pawó. Òótọ́ wà ńbẹ̀ díẹ̀. Níbi tóun àti Judith Hill, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbè é lórin, ti ń kọ orin olólùfẹ́, ohùn ẹ̀ ṣàdédé jáde pátá, gbogbo èèyàn hó, òun fúnra ẹ̀ ló wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ti òun sí i, òun ń ṣọ́ ọ̀fun òun ni. Èmi tí mo sanwó wò ó wá dà bí ẹni tó yọjú lójú wíńdò. Wọ́n sì ṣa ibi tó dáa nìkan ni, kò sí ọjọ́ kan nínú ẹ̀ tí ara ẹ̀ ò yá, ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní gbà pé ẹni yìí máa tó kú. August ni àwọn tó yẹ òkú ẹ̀ wò sọ pé oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun fún iṣẹ́ abẹ ló pa á. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀, Màmá á máa gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á.

Ó dáa. Ó kan orin Billie Jean.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń retí látìgbà tẹ́ ẹ ti ṣí lẹ́tà. Òun nìkan ló kù lórí stéèjì. Gbọ̀ngàn yẹn ṣófo, àga lóríṣiríṣi láìsí ìdí kan lórí ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àga. Àwọn oníjó àtàwọn òṣìṣẹ́ kan ló kóra jọ sísàlẹ̀, díẹ̀ báyìí, wọ́n gbá stéèjì mú. Ó ní òun kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, ni ìlù bá ń lọ, ni ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, èjìká tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá ó ti gbàgbé pé yíyẹ̀ wò lòun ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń ké bí ẹni tí wọ́n ń bù lómi gbígbóná. Ìgbà tó parí, ó dúró, ó ń mí, bí ẹni tójú tì.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Kì í ṣe tiẹ̀ ni mo ń sun. Tiyín ni.

Ẹ rántí 1984? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ wo fídíò ìjó Billie Jean yẹn nílé aládùúgbò wa, èyí tó ṣe lọ́dún tó ṣáájú tó fi rìn sẹ́yìn bí ẹni ń lọ síwájú. Tí Bàbá bá ti sùn, ẹ ó jí mi, ẹ ó gbé àtùpà lé mi lọ́wọ́, ẹ ó ní kí n tẹ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ibì kan náà. Ẹ ó ní "dá a padà", màá dá a padà. "Tún dá a padà." Ọwọ́ mi á ti kú, bátìrì á máa ku, ohùn Michael á wá máa fà bíi ti ẹni tó mutí, ẹ ò ní gbà, ẹ ní gìgísẹ̀ òsì ò tíì balẹ̀ bó ṣe yẹ. Sọ́kìsì iléèwé yín já nídìí. Ìbọ̀wọ́ funfun ti Boys Brigade kan ṣoṣo lẹ wọ̀, ìkejì wà nísàlẹ̀ àpótí. Alẹ́ tí Bàbá wá jí bá wa, ẹ gbàgbé ìgbátí yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni mi ò gbàgbé: "Ẹni tó ń rìn sẹ́yìn, ibo ló ń lọ?"

Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ tí iléèwé ń ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ yín ń retí yín. Wọ́n ń pè yín ní Jackson títí dòní láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wọn rí yín kẹ́ ẹ jó o parí. Èmi rí i. Alẹ́ kan ṣoṣo tó bọ́ sí i tán, gìgísẹ̀ náà balẹ̀, ẹ sì wò mí bí ẹni tójú tì, ẹ ní kí n pa àtùpà. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé eré lásán ni, Bàbá náà rò bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Mo wá wo ẹni tó ni ìjó náà ní Thursday, ohun kan náà lòun náà ń ṣe, ó ń ní kí wọ́n dá a padà, kò tíì bọ́ sí i, ẹ tún un lù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní March yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, mo rí ti ọjọ́ kan nínú August, 75 pọ́n-ùn ọ̀kan. Ìkejì tiyín ni. Mi ò sọ fún yín torí mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á fún yín ní físà, mi ò fẹ́ kí inú yín dùn kó tún wá bàjẹ́. Ìgbà tó kú, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀ padà kó gbà á, ẹni tó bá fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì gan-an dípò owó, àwọn á fi ránṣẹ́ sí i. Àsìkò yẹn gan-an lẹ fóònù pé kí n wá nǹkan kún owó iléèwé àwọn ọmọ, mo ní kò sí. Ẹ ò sì bínú. 150 pọ́n-ùn wà níbẹ̀ tí mo lè gbà, mi ò gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo mú. Mo ti fi owó ránṣẹ́ ní October bẹ́ ẹ ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, mo sì mọ̀ pé ó pẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú.

Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá O2 yẹn tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Àrà ni ilé náà, funfun roboto bí agboòrùn tí wọ́n dà dé, ọ̀pá yẹ́lò méjìlá ló yọ jáde lórí ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ mi ò kí ń wò ó.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ wálé ní December, òun ni màá fún. Ẹ ó rí i, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ń dán, tẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún sósì lójú iná, àwòrán inú ẹ̀ á máa yí. Mo ti kó o sínú nylon, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ epo mú un. Ẹ̀dà fíìmù náà á tẹ̀ lé e tó bá ti jáde sórí DVD, mo mọ̀ pé ẹ máa ní orúnkún ń dùn yín, ẹ ò lè jó mọ́. Ẹni 50 ọdún ni mo wò o.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Kẹ́ ẹ sì bá mi bi wọ́n ibi tí wọ́n kó àpótí àtijọ́ yẹn sí, ìbọ̀wọ́ kejì á ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Èmi àbúrò yín,
Alátùpà